Wáìfáì Bàbá Eléyín

Olè. Ó pè mí ní olè.

Kò tilẹ̀ fi ẹnu pè mí. Ẹnu ì bá sàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Ó kọ ọ́ ni. Ó kọ ọ́ síbi tí gbogbo ilé á ti kà á. Jẹ́ kí n tún fóònù yìí yẹ̀ wò… Ó ṣì wà níbẹ̀. Níbi tí orúkọ wáìfáì rẹ̀ máa ń wà, níbi tó jẹ́ pé ELEYIN ló ń wà láti ọjọ́ tó ti ra ẹ̀rọ náà, ohun tó wà níbẹ̀ láti àárọ̀ òní ni: OLE OKE SINMI.

Kò fi àmì ohùn sí i. Bóyá ẹlòmíràn á kà á sí ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ òkè, sinmi. Ẹnì kan ń gbé lókè, ó ya ọ̀lẹ, wọ́n ní kó máa sinmi… Ta ni mo ń tàn jẹ? Ta ló ń bẹ ọ̀lẹ pé kó sinmi? Kí ni ọ̀lẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀?

Olè ni. Èmi ni. Àwa mẹ́ta péré la wà lókè. Nọ́ọ̀sì ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa láti oṣù tó kọjá, ó rìnrìn àjò. Onígbàjámọ̀ kì í sí nílé lójúmọmọ. Ó wá ku ta ni? Ó ku Ìyá Oníwèé, tó ń jókòó sílé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tó ń rán ìwé, tó ń lẹ páálí mọ́ ìwé. Ẹyẹ tó ń bà sójú fèrèsé pàápàá mọ̀ pé èmi ni.

Onígbàjámọ̀ náà kò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa kó tó dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn. “Ìyá Oníwèé, ẹ ti rí iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá Eléyín? Ó ní olè wà lọ́dọ̀ wa! Kò lè jẹ́ èmi o, irun nìkan ni mo ń mú kúrò lórí olórí.” Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Èmi! Mo la ẹnu, mo rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bú mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣì ń dùn mí di báyìí.

Mo ti fa òwú yìí le jù. Wò ó, ìwé ti ya. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ ni, àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ọmọ, èyí tí mo fẹ́ẹ̀ rán tán… Nítorí rẹ̀ náà ni. Iṣẹ́ tí mo ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe, òun ló ń bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ láti ìsàlẹ̀ ilé.

Àní kí ni mo jí? Ẹni tó jalè, ó ní ohun tó gbé. Ṣé àga ni mo gbé? Ṣé eyín ni mo jí, eyín àtọwọ́dá tó ń ṣe, tó ń to kalẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni fẹ́ fún gbogbo ìlú ní ẹnu tuntun? Ohun tí kò ṣeé dì mú, tó ń gba inú ògiri kọjá wọ yàrá mi láìkan ilẹ̀kùn… èmi ni mo lọ bá a, àbí òun ló wá bá mi? Bí iná rẹ̀ bá tàn dé orí àtẹ̀gùn, ṣé kí n dijú kí n tó kọjá? Bó bá ń gbọ́ rédíò, ṣé kí n fi òwú dí etí kí wọ́n má bàa ní mo jí ìròyìn gbọ́?

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún Lọ́yà lọ́sàn-án yìí gan-an nìyẹn. Àbúrò mi ọkùnrin ni, Lọ́yà là ń pè é láti kékeré, látìgbà tó ti máa ń ro ẹjọ́ lórí ẹran. Ó wá lọ kọ́ ọ níwèé, ẹnu rẹ̀ wá di oúnjẹ rẹ̀. Mo rò pé á gbà mí lẹ́jọ́. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, iná kì í dín kù torí pé ẹ jókòó sí i. Wáìfáì ń dín kù. Ìwọ̀n tí ẹ bá fà nínú rẹ̀, ìwọ̀n yẹn ni kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.”

Mo ní ṣebí ó ṣí sílẹ̀.

“Pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ kò ní kí ẹ wọlé. Òfin á bi yín pé ta ló gbà yín láàyè. Bí ẹ bá rẹ́ni tọ́ka sí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ibi tí kò tì, a lè jiyàn rẹ̀. A lè ní fóònù yín ló fúnra rẹ̀ wọlé, ẹ ò mọ̀. Adájọ́ lè gbọ́, ó sì lè má gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá tì í… Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó tì í?”

Mo ní rárá.

Kí ló kàn án nínú bóyá ó tì í? Àwọn lọ́yà náà! Kí ènìyàn gbé ìṣòro lọ bá wọn, kí wọ́n fi ìbéèrè dì í padà fún un. Ó tún ní bí ẹnì kan bá lọ fi wáìfáì yẹn ṣe iṣẹ́ ibi, ìsàlẹ̀ ni ọlọ́pàá á kọ́kọ́ wá, Bàbá Eléyín ni wọ́n á mú. Mo ní ṣé èmi ló fẹ́ ṣe iṣẹ́ ibi? Èmi tí n kò mọ̀ ju kí n wo ojú ìyá mi lọ? Ó ní: “N ò ní ẹ ṣe é. Mo ní òun ni wọ́n á mú.” Ọmọ tí mo pọ̀n.

Ó ṣí sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣí sílẹ̀. Mi ò wá a lọ. Fóònù ló gbé e jáde fúnra rẹ̀, ELEYIN, mo tẹ̀ ẹ́, ó wọlé, láago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ kan bí èyí, ojú Màmá sì là kedere níwájú mi, títí dé irun funfun tó wà nínú ìpéǹpéjú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Kí n sọ fún ojú ìyá mi pé kó padà?

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi obìnrin ni Màmá wà, ìrìn odindi ọjọ́ kan síbí. Iyè rẹ̀ ti ra. Ó ti gbàgbé orúkọ ọ̀pọ̀ èèyàn, kò gbàgbé aago mẹ́rin. Láago mẹ́rin, wọ́n á gbé fóònù síwájú rẹ̀, á wò mí títí, á ní, “Ó ti jẹun?” bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń bi nípa mi. Á rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Dátà tèmi kì í gbé àwòrán nínú yàrá yìí. Ògiri ilé yìí yi bí ojú ọ̀dájú. Ojú Màmá á gan, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀, ohùn á wá máa tiro bọ̀ lẹ́yìn.

Aago mẹ́rin ti kọjá. Mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.

Àbúrò mi obìnrin ti pè. “Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀? Màmá ti wọ bàtà. Ó wà lẹ́nu géètì, ó ní wọ́n ti gbé ọmọ òun pa mọ́.” Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni. “Ẹ bọ́ síta kẹ̀. Ẹ wá ibi tí nẹ́tíwọ̀kì wà, ẹ jọ̀ọ́, n ò fẹ́ fi agbára mú un wọlé.”

Ibi tí nẹ́tíwọ̀kì wà kò jìnnà. Iwájú ilé ìtajà oògùn tó wà ní òdìkejì títì ni, bí ènìyàn bá dúró síbẹ̀, àwòrán á já geere. Ṣùgbọ́n láti débẹ̀, àtẹ̀gùn ni màá gbà. Àtẹ̀gùn náà sì gba ẹnu ilẹ̀kùn Bàbá Eléyín kọjá. Ilẹ̀kùn yẹn kì í sì í tì lójúmọmọ, nítorí òórùn nǹkan tó fi ń mọ eyín. Á gbójú sókè láti ibi iṣẹ́. Á rí mi pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, tí mò ń sáré lọ síta láago mẹ́rin, lọ́jọ́ tó ti wáìfáì rẹ̀ mọ́ mi. Kí ló tún kù kí wọ́n fi mọ olè? Kí n kúkú kọ ọ́ síwájú orí.

Ìyá mi wà lẹ́nu géètì, nítorí ọkùnrin kan fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta!

Ó tún kí mi láàárọ̀. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun kún apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, Ìyá Oníwèé. Ẹ ò jí bí?” Ẹni tó ti kọ ọ́ síbẹ̀! Ì bá gbé ojú kúrò. Ì bá pòṣé. Mo dá a lóhùn: “A dúpẹ́ o, Bàbá.” Mo tilẹ̀ tẹ orúnkún díẹ̀. Orúnkún mi kò ní ìtìjú.

Kí ló dé tí kò gòkè wá? Àtẹ̀gùn méjìlá péré ni. Kó kan ilẹ̀kùn, kó ní: Ìyá Oníwèé, mo rí yín lórí wáìfáì mi, kò dáa bẹ́ẹ̀. Màá bẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run mọ̀ pé màá kúnlẹ̀, màá ní…

Irọ́. Màá ní kì í ṣe èmi. Màá ní kó lọ bi Onígbàjámọ̀.

Nítorí ó mọ̀. Mo gbọ́ ọ lánàá láti ojú fèrèsé yìí, nígbà tí ẹni tó wá yẹ ẹ̀rọ náà wò ń bá a sọ̀rọ̀. Bàbá Eléyín ní láago mẹ́rin ni ilé ìwòsàn máa ń fi àwòrán ẹnu àwọn aláìsàn ránṣẹ́ sí òun, láago mẹ́rin náà ni kì í wọlé. Ó ní obìnrin kan wà tí mọ́tò gbá, tó ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó ń retí eyín. “Obìnrin yẹn ò lè rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀,” ó ní. Ẹni yẹn tẹ nǹkan títí, ó ní: “Bàbá, ẹnì kan ń bá yín mu nínú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni. Orúkọ fóònù náà rèé: Oníwèé.”

Ta ló ní kí fóònù máa jẹ́ orúkọ? Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí mo rà á, mò ń ṣeré.

Mo dúró gbagidi lẹ́yìn fèrèsé, mò ń retí ariwo. Kò pariwo. Ó pẹ́ kó tó fọhùn. Ó ní, “Mo gbọ́.” Ó ní, “Ẹ bá mi pa páásíwọ́ọ̀dù yẹn dà.”

Ó mọ orúkọ mi. Ó lè kọ ONIWEE síbẹ̀, kí Onígbàjámọ̀ kà á, kí àwọn tó ń gbé ìwé wá fún mi kà á. Òkè ló kọ. Ó fi àwọn méjì yòókù bò mí. Sinmi, ó ní, bí ẹni ń bá ọmọ tó ti sunkún jù sọ̀rọ̀… Rárá. Rárá o! Kò sí àánú nínú kí wọ́n peni lólè. Mi ò ní jẹ́ kí inú mi rọ̀. Bí inú mi bá rọ̀ báyìí, kí ni màá fi gbé ara mi ró?

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó tì í?”

Ó tì í.

Ó tì í. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ. Ó dáa, mo ti sọ ọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo jí lọ́jọ́ kan, mo tẹ ELEYIN, ó ní kí n mú páásíwọ́ọ̀dù wá. Ẹni tó lọ́wọ̀ lára á padà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi jókòó sórí àga yìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Mo kọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀, kò ṣí. Mo kọ nọ́ńbà ilé, kò ṣí. Ẹ̀ẹ̀kẹta… ẹ̀ẹ̀kẹta, mi ò rò ó rárá. Ìka mi ló kọ ọ́. Eyinfunjowo.

Ó ṣí wẹ́rẹ́.

Mo sì yọ̀. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi nínú yàrá yìí, mo ní ọgbọ́n ò pin sọ́dọ̀ ẹnì kan. Mo wo ojú ìyá mi lọ́jọ́ náà, mo ń rẹ́rìn-ín.

Eyínfúnjowó. Orúkọ tó ń pe ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Eléyín, tó ń fi ojoojúmọ́ tún ẹnu ẹlẹ́nu ṣe, ó lọ fẹ́ obìnrin tí eyín rẹ̀ kò ní àléébù kankan, ó sì fi eyín náà sọ ọ́ lórúkọ. Lálaalẹ́ ló ń gbàgbé kọ́kọ́rọ́, á dúró síta, á gbé ohùn sókè: “Eyínfúnjowó o! Ju kọ́kọ́rọ́ sí mi!” Gbogbo wa la mọ ohùn yẹn. Òun náà á wá yọjú síta, á ní, “Ọkọ mi ń ṣe eyín fún gbogbo ayé, tèmi nìkan ni kò jẹ́ kí n fi pa á lówó.” Ọ̀rẹ́ mi ni. Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ látìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ni. Orí àtẹ̀gùn la máa ń jókòó sí, mo ń rán ìwé, ó ń ka ojú ewé tí mo bá rán tán sókè, ó ń ka àkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ bí ẹni ń ka ìtàn ìfẹ́. “Nọ́ńbà kẹtàlélógún kò wá sílé ìwé lọ́jọ́ Ajé,” á ní. “Níbo ló lọ, Oníwèé? Ta ló tàn án lọ?”

Nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹ̀ẹ̀kan ni mo lọ wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan. Ara ti lọ, ojú ti lọ, eyín yẹn nìkan ló ṣẹ́kù. Ó fi í rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní màá padà wá lọ́la.

Mi ò padà.

Iṣẹ́ pọ̀, mo ní. Mo ń yọ́ ẹsẹ̀ gbé lórí àtẹ̀gùn kó má bàa mọ̀ pé èmi ló ń kọjá. Lọ́jọ́ tó kú, inú yàrá yìí ni mo wà. Mo gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo ní ibà ń ṣe mí. Kò sí ibà lára mi. Àwọn èèyàn ń gòkè, wọ́n ń sọ̀, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mò ń lẹ páálí mọ́ páálí. Oṣù mẹ́sàn-án rèé. Ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kú iṣẹ́, ìyẹn ló wà láàárín èmi àti ọkùnrin yẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ tọrọ wáìfáì? Ẹni tí kò wá kí i nínú ọ̀fọ̀, tó wá wá tọrọ nǹkan?

Nítorí náà ni mo ṣe… Ọlọ́run mi. Orúkọ tí n kò lè pè níwájú ọkọ rẹ̀, òun ni mo fi ṣí ilẹ̀kùn ọkọ rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ.

Kì í ṣe pé kò mọ páásíwọ́ọ̀dù tó le ju ìyẹn lọ. Ọkùnrin tí kò gbàgbé bí ẹnu àwọn tó ṣe eyín fún ṣe rí. Mo gbọ́ ọ nígbà kan, àlejò kan wá láti ilé ìwòsàn, ó bi í ní páásíwọ́ọ̀dù. Kò kọ ọ́ sínú ìwé fún un. Ó pè é. Ó dá orúkọ náà sí wẹ́wẹ́, ó ń pè é díẹ̀díẹ̀, ó tún pè é lápapọ̀, àlejò ní òun ti gbọ́, ó tún pè é. Mo rò pé àgbà ló ń dé sí i. Ọkùnrin tó ń pe ìyàwó rẹ̀ láti ìta lálaalẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, tí kò tún rẹ́ni pè mọ́… ó lọ fi orúkọ náà síbi tí àwọn èèyàn á ti máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ bá mi pa páásíwọ́ọ̀dù yẹn dà.”

Lánàá. Nítorí mi. Ó pẹ́ kó tó fọhùn, mo sì rò pé inú ló ń bí i.

Lọ́yà ò ní rí ìyẹn nínú òfin. Kò sí adájọ́ tó máa bi mí.

Mo ti dìde. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi, òwú rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Inú tó ń bí mi ṣì wà, kò lọ, ó kàn yí ojú padà ni, èmi ló ń wò. Kí ni wọ́n ń kí ènìyàn lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án? A ní kíkí fún ẹni tó ń jẹun, a ní fún ẹni tó ń gé irun, a ní fún ẹni tó jókòó tí kò ṣe nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti kí ọkùnrin yẹn, àfi èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀ wò níbí, fún ògiri, kí ohùn má ròkè.

Bàbá Eléyín, ẹ kú àfẹ́kù…

Ẹ kú àfẹ́kù Eyínfúnjowó.